Gbogbo Ibùdó Dúró De Míríámù

Kíkà: Númérì 12:1–16, Jeremáyà 29:7



Ẹ ti gbọ́ kíkà wa. Míríámù kì í ṣe ẹni kékeré ní Ísírẹ́lì. Arábìnrin Mósè ni, wòlíì obìnrin ni, òun ni ó sì ṣáájú àwọn obìnrin pẹ̀lú ìlù nígbà tí wọ́n la Òkun Pupa kọjá. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀tẹ̀ bò ó, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí a sé e mọ́ ẹ̀yìn ibùdó fún ọjọ́ méje. Mósè gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n àdúrà náà kò mú òfin kúrò. Arábìnrin olórí ìlú gan-an sun ẹ̀yìn ibùdó títí iye ọjọ́ fi pé. Ọ̀rọ̀ kan sì wà ní ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún tí a máa ń kánjú fò: ní gbogbo ọjọ́ náà, Ísírẹ́lì, tàgbà tèwe, tènìyàn tẹran ọ̀sìn, jókòó sójú kan nítorí aláìsàn kan ṣoṣo.

Kí a má ṣì í gbọ́ o. Ìwé Mímọ́ sọ ìdí tí àrùn fi kọlu Míríámù. Kò sọ pé gbogbo aláìsàn ni Ọlọ́run ń bínú sí. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀ lónìí ni bí àwọn tí ara wọn dá ṣe gbé ìgbà náà.

Àwa náà ti gbé irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni a kọ́kọ́ rí àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ìjọba àpapọ̀ sé Èkó, Ògùn àti Àbújá mọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin, nígbà tí Àjíǹde ku ọ̀la, a rí i ní Kánò. Ní ọjọ́ 16, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kan náà, Ààrẹ Buhari pàṣẹ kí a ti Kánò pa fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ó sì kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rin ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ọ̀nà wọ̀nyí kò ṣí títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé pàjáwìrì náà ti dópin. Ṣùgbọ́n kò tíì dópin nínú ọkàn àwọn kan láàrin wa. Àwọn kan ń bi ara wọn léèrè bóyá òmùgọ̀ ni àwọn tí wọ́n pa òfin mọ́. Àwọn kan kò tíì dárí ji ara wọn. Àrùn mìíràn sì lè tún dé. Ní ọdún 2023 yẹn kan náà ni àrùn ọ̀fun tí a ń pè ní dìfitéríà pa ọ̀pọ̀ ọmọdé ní ìpínlẹ̀ yìí. Nítorí náà ni mo ṣe mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta wá síwájú yín. Kí ẹ̀yin àgbà má kà á sí àrífín.

Èkínní, kí a wá ìdí òfin kí a tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí a ní kí ẹnikẹ́ni má jáde láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀, àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: “Ṣé òru nìkan ni àrùn ń rìn ni?” Àrùn kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Ṣùgbọ́n òru ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń péjọ síbi àríyá àti ilé ọtí, òru sì ni ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn ń gbéra. Èéṣe tí a fi ń ya ènìyàn sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14? Nítorí pé àrùn náà lè wà lára ẹni tó bí ọjọ́ 14 kí ó tó fara hàn. Ẹ wo Léfítíkù orí kẹtàlá: àlùfáà a sé ẹni tí ara rẹ̀ kò dájú mọ́ fún ọjọ́ méje, a yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò bá tíì dá a lójú, a tún fi ọjọ́ méje kún un. Òfin náà ní ìwọ̀n, ó sì ní ọjọ́ àyẹ̀wò.

Èéṣe tí a fi ṣí ọjà ní ọjọ́ díẹ̀ tí a sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì? Ọ̀rọ̀ yìí dun ọ̀pọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ra oúnjẹ lọ́sẹ̀ yìí, ebi yóò pa á. Ẹni tí ó gbàdúrà nínú yàrá rẹ̀, Ọlọ́run kan náà ni ó gbọ́ ọ. Nínú ilé ìsìn, a ń jókòó pẹ́ lábẹ́ òrùlé kan, a sì ń kọrin sókè. Ẹni tí ó bá ń kọrin sókè ń tú èémí àti itọ́ jáde ju ẹni tí ó dákẹ́ lọ. Bí ìjọba bá ní kí a sẹ́ Kírísítì, Ìṣe àwọn Àpósítélì 5:29 ti dá wa lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní kí a má fi èémí wa pa arúgbó tí ó jókòó níwájú wa kò ní kí a sẹ́ Kírísítì.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Àrùn kò ní ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ wa ni ó ń bá rìn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn lúkúlúkú wọ Èkó. Ojú irin tí ó gbé àwọn baba wa wá sí òkè yìí náà ni àrùn ọ̀hún bá gòkè. Ọ̀nà tí ọjà wa ń gbà ni ikú gbà. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ibí yìí ni egbò wà. Ní oṣù wọ̀nyẹn, ìyá ẹlòmíràn sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́, baba ẹlòmíràn sùn ní Ọ̀fà, ọmọ sì wà ní Kánò, kò lè lọ. Láàrin àwa Yorùbá, ẹrù ńlá ni pé kí a sin òbí ẹni kí ọmọ má sí níbẹ̀. Àwọn kan fara pamọ́ sáàrin ẹrù nínú ọkọ̀ tí ń kó oúnjẹ, àwọn kan fi owó sí ọwọ́ àwọn tí ń ṣọ́ ọ̀nà. Ẹni tí ó jókòó sì ń gbọ́ títí di òní pé òun kò sìnkú ìyá òun.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará. Ta ni í péjọ síbi òkú? Àwọn àgbà ni: àbúrò olóògbé, ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn arúgbó agboolé. Àwọn àgbà gan-an sì ni àrùn yìí pa jù. Ọmọ tí ó jókòó kí ó má baà gbé ikú lọ bá àwọn tí ó ṣẹ́kù kò ṣẹ̀ sí òfin karùn-ún. Ó bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀ nínú àwọn tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í bú u mọ́. Ẹni tí ó sì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ìrántí fún òbí tí kò lè sin nígbà náà, kí ìjọ bá a ṣe é.

Ẹ̀kẹta, kí a mọ ẹni tí ẹrù wúwo fún. Òfin kan náà ni ó de gbogbo wa, ṣùgbọ́n kò wọ̀n bákan náà ní èjìká wa. Nígbà tí a ti ìlú pa, owó oṣù ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọlé. Ìyá tí ń ta tòmátì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣe télọ̀, wọn kò ní oṣù tí ń dúró dè wọ́n. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí òṣìṣẹ́ bá ń sọ fún ọlọ́jà pé, “Sá ní sùúrù,” tí àpò ìrẹsì sì wà nílé rẹ̀, kò tíì mọ ohun tí ó ń sọ.

Ní ọjọ́ méje tí Ísírẹ́lì fi dúró de Míríámù, mánà kò dáwọ́ dúró. Ọlọ́run tí ó dá wọn dúró ni ó bọ́ wọn. Ní ọjọ́ tiwa, ilẹ̀ kùn fún ẹnikẹ́ni láti rí mánà kí ó hó lójú pópó. Ọwọ́ ẹni tí ó ní ni Ọlọ́run fi í sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, nígbà tí irú rẹ̀ bá tún dé, ẹ má dúró kí ọlọ́jà wá tọrọ. Ẹ san gbèsè tí ẹ jẹ ẹ́ kíá, ẹ ra ọjà tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbé ìwọ̀n gààrí kan sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà náà, ẹ má ṣe sọ ìrẹsì di wúrà nítorí pé ọ̀nà dí. Ẹni tí ó fi ọjọ́ àjàkálẹ̀ kó èrè lé èrè ti ta Míríámù fún owó.

Ní ìparí, ẹ rántí ohun tí Jeremáyà kọ sí àwọn tí wọ́n wà ní àtìpó: kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n ń gbé, kí wọ́n sì gbàdúrà fún un, nítorí nínú àlàáfíà ìlú náà ni tiwọn wà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, mínísítà ètò ìlera, Dókítà Osagie Ehanire, kéde pé ènìyàn 979 ni ó kú ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ ní ìgboro Kánò ní àkókò náà, àti pé ó lè jẹ́ ìdajì wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni Kòrónà pa. Aládùúgbò wa ni wọ́n, oníbàárà wa ni wọ́n. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àlejò ni wá níhìn-ín, ṣùgbọ́n ibùdó kan náà ni a wà.

Kí Olúwa, tí ó mú kí gbogbo Ísírẹ́lì dúró nítorí ẹnì kan, tu gbogbo ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ láàrin wa nínú. Kí ó fún àwọn aláṣẹ wa ní òfin tí ó tọ́ àti ọkàn tí kò ṣojúsàájú. Kí ó sì fún wa ní ọwọ́ tí ó la, títí a ó fi jùmọ̀ ṣí ibùdó lọ sí ilẹ̀ ìlérí. Àmín.