Níbi tí a So Ó Mọ́: Èrò lórí Oúnjẹ Ológìnní

Ní ọjọ́ kan tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní kíláàsì Terminale ní ẹ̀kọ́ nípa ojúṣe, ọ̀kan nínú wọn nàró, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kí a rí oorun sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní: «Olùkọ́, ẹ sọ fún wa pé ẹ máa ń ra ẹja fún ológìnní yín. Ọmọ kan wà ní àdúgbò wa tí ó ń mu gàrí láìsí ẹja. Ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ ń dá?» Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè gidi ni.

Kí á tó dáhùn, ó yẹ kí á sọ bí ológìnní náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Èkúté ni ó mú un wá. Wọ́n ń jẹ àgbàdo wa, wọ́n sì ń jẹ ìwé wa. Nígbà náà, a kì í bọ́ ọ. Òun ni ó ń bọ́ ara rẹ̀. Ó ń pa èkúté, ó ń pa alángbá, ó ń pa tata, ara rẹ̀ sì ń dán. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn eku sílẹ̀ káàkiri, ológìnní méjì sì kú nítorí pé wọ́n jẹ èkúté tí ó ti jẹ oògùn. Ẹ̀rù bà wá, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ tiwa. Láti ọjọ́ náà, ohun tí àwa ń jẹ ni òun náà ń jẹ: àkàsà tàbí ẹ̀bà tí a fi omi ọbẹ̀ pò. A rò pé oore ni a ṣe é. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rù, irun rẹ̀ ń re, kò sì lè fò mọ́ bí i ti àtẹ̀yìnwá. Dókítà ẹran wò ó, kò kọ oògùn kankan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá: «Kí ni ẹ ń fún un jẹ?»

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹbí ẹkùn ni ológìnní. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò jiyàn ọ̀rọ̀ yìí. Ajá lè jẹ àjẹkù ènìyàn kí ara rẹ̀ sì gbà á. Ológìnní kò rí bẹ́ẹ̀. Èròjà kan wà tí à ń pè ní taurine, tí ara ológìnní kò lè ṣe tó bí ó ti nílò rẹ̀. Inú ẹran àti ẹja ni ó ti ń rí i. Bí kò bá rí i fún ìgbà pípẹ́, ojú rẹ̀ yóò máa fọ́ díẹ̀díẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa rẹ̀. Kò lè sọ àwọ̀ inú kárọ́ọ̀tì tàbí epo pupa di fítámì A, bí ara tiwa ti ń ṣe. Kò tilẹ̀ mọ adùn ṣúgà lẹ́nu. Àlùbọ́sà àti aáyù, tí wọ́n ń mú ọbẹ̀ wa ta sánsán, ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Omi ọbẹ̀ tí a pè ní oore, májèlé díẹ̀díẹ̀ ni.

Nígbà náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wá «oúnjẹ àdáyébá». Nínú àwọn ilé-ìtajà ńlá ní Kútọnu, a rí àwọn àpò tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, tí a tẹ ọ̀rọ̀ náà «naturel» sí lára, tí owó wọn sì ga ju agbára olùkọ́ lọ. A dúró níwájú wọn, a sì bi ara wa pé: kí ni à ń pè ní àdáyébá gan-an? Ṣebí àdáyébá ni àkàsà wa. Àgbàdo, omi àti iná ni. Ṣebí inú ilẹ̀ ni àlùbọ́sà ti hù. Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, ní ọdún 1987, àwọn olùwádìí ní yunifásítì California ní Davis fi hàn pé àwọn ológìnní tí ń jẹ oúnjẹ ilé-iṣẹ́ ń ṣàìsàn ọkàn nítorí pé taurine inú rẹ̀ kò tó wọn. Nígbà tí wọ́n fi kún un, ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi kún oúnjẹ wọn lónìí, ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ènìyàn ṣe gba ológìnní là. Ohun tí ilẹ̀ hù kò gbà á là.

Nítorí náà, kì í ṣe ibi tí oúnjẹ ti wá ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ wádìí, bí kò ṣe àbínibí ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Lára àpò, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ojú wa máa wá ni «aliment complet», èyí tí ó túmọ̀ sí pé oúnjẹ náà nìkan tó ẹranko náà lójoojúmọ́. «Naturel» kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ó kàn wá nínú àbínibí ológìnní? Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn rán wa létí pé Descartes, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1637, fi ẹranko wé ẹ̀rọ. A dá a lóhùn pé ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ pàápàá, kò ní í bu omi sínú rẹ̀ dípò epo. Kò sì tán síbẹ̀. Ní erékùṣù Kípírù, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ológìnní kan tí a sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn ní nǹkan bí ọdún 9,500 sẹ́yìn. Láti ìgbà tí ènìyàn ti ń kó ọkà pamọ́ ni àdéhùn ti wà láàárín àwa àti òun: ó ń ṣọ́ àká, èkúté sì ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, àwa ni a da àdéhùn náà.

Ní ilẹ̀ wa, a máa ń sọ pé ibi tí a bá so ewúrẹ́ mọ́ ni í ti jẹ. Àwọn kan ń fi òwe yìí bo olè jíjà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ọ láti ẹnu ewúrẹ́: ẹni tí ó so mí mọ́lẹ̀ ni ó yan koríko fún mi. Bí kò bá sí koríko níbẹ̀, ẹjọ́ ta ni?

Ohun tí a wá dá akẹ́kọ̀ọ́ wa lóhùn nìyí. Bí ẹja kan ṣoṣo bá wà, tí ebi sì ń pa ọmọ kan, ọmọ ni yóò jẹ ẹ́. A kò fi igbá kan bọ̀kan nínú lórí èyí. Ṣùgbọ́n ebi ọmọ náà kò fún wa láṣẹ láti ti ẹ̀dá mìíràn mọ́lé, kí á sì máa fi ohun tí kò lè gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró síwájú rẹ̀. Gbèsè méjì ni. Sísan ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́. Ẹni tí kò bá lè san ti ológìnní, kí ó má ṣe mú un sílé.

Owó rẹ̀ kò sì pọ̀ tó bí a ti rò. Ní ọjà Wándò, a ń ra ẹja wẹ́wẹ́, ọkàn àti iwe adìẹ, àti ẹ̀dọ̀ díẹ̀, nítorí àpọ̀jù ẹ̀dọ̀ kò dára. A ń fi omi díẹ̀ sè é láìsí àlùbọ́sà, iyọ̀ tàbí ata, a sì ń da omi náà padà sí i, nítorí pé taurine máa ń yọ́ sínú rẹ̀. A ń yọ egungun tí iná ti mú kí ó máa ṣẹ́ wẹ́wẹ́ kúrò. Ẹran lásán kò sì tó: tòun ti egungun ni ológìnní ń jẹ èkúté. Nítorí náà, dókítà ní kí á máa lọ èèpo ẹyin kúnná sí i.

Ó ku ohun kan tí a kò lè fi ọgbọ́n orí dá lóhùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tó sọ̀rọ̀, a mọ ohun tí ológìnní wa jẹ lánàá, a kò sì mọ ohun tí ọmọ àdúgbò jẹ. Ojú tì wá. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, a ní kí ó mú wa lọ sí ilé ọmọ náà. Ohun tí àwa àti ìyá rẹ̀ jọ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn. A lè sọ pé láti ìgbà náà, nígbà tí a bá lọ sí Wándò, àpò méjì ni a máa ń gbé dání.