Ta Ni Ó Ni Odò? Ọ̀rọ̀ Lórí Pàǹtírí, Òfin àti Ẹ̀tọ́ Ọmọnìkejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ń sọ omi kalẹ̀ láti sánmà, tí Ó sì ń fi jí ilẹ̀ tó ti kú. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó tọ ojú ọ̀nà wọn títí di Ọjọ́ Àjíǹde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà gbọ́ níbi wáàsí, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa. Bí òjò ńlá bá ti ṣú, àwọn kan á gbé pàǹtírí ilé wọn jáde, wọ́n á dà á sínú àgbàrá kí omi lè gbé e lọ. Ọlọ́pàá kò sí níbẹ̀, wolé-wolé kò sí níbẹ̀. Ǹjẹ́ òfin ìjọba nìkan ni ẹni náà rú, àbí ó dẹ́ṣẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó ya wọ ilé àti ọjà. Àwọn tó bá a lọ lé ní 100. Òjò ọjọ́ náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò nìkan kọ́. Àwọn ènìyàn ti kọ́lé sí etí odò, pàǹtírí sì ti dí ojú omi. Ọdún 31 lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé sí Ìbàdàn. Afárá já, ilé wó, àwọn tó kú tún lé ní 100. Ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí yíyá wa ní 200 mílíọ̀nù dọ́là láti fi dẹ́kun omíyalé ní ìlú náà. Owó tí a ó dá padà ni. Àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí yóò pín nínú gbèsè yìí.

Ẹni tó ń da pàǹtírí sínú omi ní àwíjàre méjì. Èkíní ni pé, “Ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Níbo ni kí a dà á sí?” Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe irọ́ ní àdúgbò púpọ̀, kò sì yẹ kí a fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí hádíìsì àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi, tí Bukhari gbà wá. Àwọn kan wà lókè, àwọn kan wà nísàlẹ̀. Àwọn ìsàlẹ̀ ní láti gba ọ̀dọ̀ àwọn òkè kọjá kí wọ́n tó rí omi pọn. Wọ́n wá rò ó pé kí àwọn lu ihò sí apá tiwọn, kí àwọn má baà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, jẹ́ kó yé wa pé bí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò ṣègbé. Bí wọ́n bá di ọwọ́ wọn mú, gbogbo wọn ni yóò là.

Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n ní tòótọ́, èrò wọn sì dára. Síbẹ̀, ihò ni ihò ń jẹ́. Àìní wa kò lè sọ ìpalára ẹlòmíràn di halaali. Ṣùgbọ́n ìhà kejì tún wà níbẹ̀: lójú tèmi, ẹni tó bá di ọwọ́ ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ mú gbọ́dọ̀ la ọ̀nà omi fún un. Ìjọba tó ń gba owó ìtanràn láìgbé ààtàn kalẹ̀ kò tí ì ṣe ju ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwíjàre kejì ni pé, “Ọ̀rá kan ṣoṣo ni tèmi. Ṣé òun ló máa pa ènìyàn?” Ọ̀rá kan kò lè dí odò. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ń sọ bẹ́ẹ̀, tí olúkúlùkù sì da tirẹ̀, ta ló dí odò nígbà náà? Gbogbo wọn ni, kò sì sí ẹni tó lè yọ ara rẹ̀ kúrò. Ẹnìkọ̀ọ̀kan lu díẹ̀ nínú ihò náà. Ànábì kò wọn ẹ̀gún kí ó tó sọ pé mímú ohun tó ń ni ènìyàn lára kúrò lójú ọ̀nà wà nínú ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Ó sì kìlọ̀ fún wa kí a má ṣe yàgbẹ́ sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pọn omi, sí ojú ọ̀nà, àti sí abẹ́ ibòòji.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Ẹni tó da pàǹtírí sí òkè odò kọ́ ni omi sábà máa ń gbé lọ, bí kò ṣe ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàrin ẹrú àti Olúwa rẹ̀, ìrònúpìwàdà lè pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì, àfi kí a dá a padà tàbí kí a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni náà. Báwo ni a ó ṣe tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀ rí, tí omi ti gbé lọ?

Àwọn onímọ̀ fíkíhì ti mọ̀ tipẹ́ pé odò kì í ṣe ti ẹnìkan. Wọ́n ń pe ilẹ̀ tó yí kànga tàbí odò ká ní harīm, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di tirẹ̀. Hádíìsì tó wà nínú ìwé Ibn Majah fún kànga ní igbọ̀nwọ́ 40. Tiwa ní Nàìjíríà, ìgbà tí wọ́n kó àgbá májèlé láti Ítálì wá dà sí ìlú Koko ní ọdún 1988 ni ojú ìjọba là. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin tó dá àjọ FEPA sílẹ̀. Òfin NESREA ti ọdún 2007 ló rọ́pò rẹ̀. Abala 20 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti igbó, ṣùgbọ́n abala 6 kò jẹ́ kí a lè fi ìyẹn nìkan pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní ọdún 2018, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ gbà pé ẹgbẹ́ kan lè pẹjọ́ lórí àyíká tí wọ́n bàjẹ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n bàjẹ́. Ẹni tó bá kà nípa hisba yóò rí i pé èyí kò ṣàjèjì sí Sẹ́ríà.

Òfin dára, ṣùgbọ́n ojú òfin kì í ríran lóru. Ọlọ́hun ń ríran lóru. Nítorí náà, ìdáhùn ìbéèrè wa ni pé ẹni náà dẹ́ṣẹ̀, yálà ẹnìkan rí i tàbí kò rí i.

Kí ni ká wá ṣe? Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kọ̀ọ̀kan mú gọ́tà kan ládùúgbò rẹ̀, kí ó máa gbá a kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kí a kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ fún ààtàn, kí a sì tẹ̀lé ìwé náà títí wọn yóò fi dáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé, kí ó jìnnà sí etí odò, kódà bí wọ́n bá ta á fún un ní ọ̀pọ̀. Bí aládùúgbò bá ń gbé tirẹ̀ lọ sínú àgbàrá, kí a fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a dúró, kí a sì bá a wá ibi tí yóò dà á sí. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ wa wà nínú ikú ẹnikẹ́ni. Àmín.