Oko Inú Géèmù àti Oko Bàbá Àgbà

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Huntstown àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀wò. Àwọn ọmọ wa ń dáko. Kì í ṣe oko tí a ń fi ọkọ́ ro o. Oko inú géèmù ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò mọ bí a ti ń di àdá mú yóò sọ fún wa pé òun ti kórè, òun ti ra màlúù, owó tí òun yóò fi mú ilé tóbi sí i sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Àwọn òbí kan ní àkókò ni wọ́n fi ń ṣòfò. Àwọn mìíràn ní ó kúkú sàn ju géèmù oníbọn lọ. Ìbéèrè tiwa yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn méjèèjì: kí ni irú oko bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọmọ nípa àgbẹ̀ gidi, pàápàá àgbẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́ tí kò sì lówó?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ilẹ̀ Japan ni irú géèmù yìí ti wá. Ní ọdún 1996 ni Yasuhiro Wada àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé Harvest Moon jáde. Ìgbèríko ni wọ́n ti tọ́ Wada, kí ó tó wá ṣiṣẹ́ ajé lọ sí Tokyo, ohun tí ó fi sílẹ̀ lẹ́yìn ni ó sì ń rò nígbà tí ó ń ṣe géèmù náà. (Èyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa.) Nígbà tí ó di ọdún 2006, Rune Factory jáde láti inú ẹbí kan náà. Oko ṣì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n bu àlọ́ mọ́ ọn: idà, ihò àpáta, dírágónì, ẹranko abàmì. Akọni inú rẹ̀ ti gbàgbé ibi tí ó ti wá. Àárẹ̀ dá a dúró ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Kardia, ọmọbìnrin kan ṣàánú rẹ̀, ó fún un ní ibùgbé àti ilẹ̀, ó ní kí ó máa dáko. Àwọn ẹranko abàmì tí ó bá tù lójú ni yóò máa bá a bomi rin ohun ọ̀gbìn. Bí irè bá sì gbó dáadáa, agbára yóò ti inú rẹ̀ jáde padà sí ara àgbẹ̀. Ẹni tí ó ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè.

Àwọn kan ń bínú pé irọ́ ni nítorí pé kò sí ejò níbẹ̀, ẹ̀yìn kò sì dun ẹnikẹ́ni. A kò bá wọn lọ síbẹ̀. Eré kò ní láti dun ni kí ó tó dára, ìjì sì lè ba oko jẹ́ nínú géèmù náà pàápàá. Hóró èso ni ọmọ ayò tí àwọn baba wa ń kó kiri inú ọpọ́n, a kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ̀tayò wí pé kò hú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti oko dé ni ó ń jókòó sídìí ọpọ́n ayò nígbà náà, ó mọ èyí tí í ṣe oko, ó sì mọ èyí tí í ṣe eré. Ní ti ọmọ wa ní Huntstown, ti inú géèmù yìí nìkan ni oko tí ó mọ̀.

Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni àpótí kan báyìí tí ó wà nínú oko náà. Ọmọ yóò kó gbogbo irè rẹ̀ sínú àpótí, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, owó ti dé. Kò sí ẹni tí ó ná an. Kò sí ẹni tí ó fi òṣùwọ̀n ẹ̀tàn wọ̀n ọ́n. Iye kan náà ni wọ́n ń san fún un, ìbáà jẹ́ pé irè náà pọ̀ tó láti kún ìlú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbìn jù ni yóò lówó jù, ẹni tí kò bá sì lówó, àfi kí ó jẹ́ ọ̀lẹ. Ọmọ tí ó bá ti fi oṣù mẹ́ta ṣe èyí yóò bi wá láìní èrò búburú kankan pé: kí ló dé tí Bàbá Àgbà ti ń dáko láti kékeré tí a sì tún ń fi owó ránṣẹ́ sí wọn?

Kí a tó dá Japan lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹ̀kọ́ yìí ti wà nílé. Yorùbá kì í fi ojú rere wo ọ̀lẹ. Láti orí ẹní ni a ti ń sọ fún ọmọ pé ẹni tí ó bá tẹpá mọ́ṣẹ́ kò ní rí ìyà. Àwọn tí ó gbé ẹ̀kọ́ náà kalẹ̀ kò purọ́. Ilẹ̀ ẹbí wà fún ọmọ ẹbí láti ro, bí iṣẹ́ bá pọ̀ a bẹ ọ̀wẹ̀ tàbí kí a ṣe àárò, ọ̀pọ̀ ohun tí a bá sì gbìn, ẹnu ara wa ni ó ń bá lọ. Níbi tí nǹkan bá rí báyìí, iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ìgbà tí kòkó dé ni ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí pé a kì í fi kòkó se ọbẹ̀: àfi kí ẹlòmíràn rà á, kí ẹlòmíràn sì dá iye rẹ̀.

Láti ọdún 1947 ni ìgbìmọ̀ ìjọba tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ sí Marketing Board ti ń dá iye owó kòkó, iye tí wọ́n sì ń san fún àgbẹ̀ sábà máa ń kéré púpọ̀ sí ti ọjà àgbáyé. A kò ní sọ pé wọ́n jẹ owó náà gbé tán, torí pé owó kòkó wà lára ohun tí Ìwọ̀-Oòrùn fi dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa sì jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó bi àgbẹ̀ léèrè? Nígbà tí owó orí tún ga lé ti kòkó tí kò lówó lórí mọ́, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 àti 1969, Tafa Adeoye wà lára àwọn olórí wọn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n. Ní 1986 ni ìjọba tú ìgbìmọ̀ náà ká. Ẹ tún wo ọdún 2024, tí owó kòkó kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan ní ọjà àgbáyé. Ṣé àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ ju ti àná lọ ni? Rárá o. Ojú ọjọ́ àti àrùn ni ó ba kòkó jẹ́ ní Ghana àti Côte d'Ivoire. Iṣẹ́ kan náà, ọkọ́ kan náà, owó ọ̀tọ̀.

Àwọn ọmọ wa tilẹ̀ ti gbọ́ irú ìtàn yìí ní ilé ìwé wọn níhìn-ín, bí wọn kò bá tíì mọ̀ pé tiwa náà ni. Láti ọdún 1845 ni àrùn ti pa pòtétò ní Ireland. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn kú, nǹkan bí mílíọ̀nù kan mìíràn sì sá gba òkun lọ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọkà àti ẹran ń ti èbúté Ireland lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí pé ẹni tí ń ro ilẹ̀ kọ́ ni ó ni ín. Àwọn kan sì wà ní London tí wọ́n ń sọ pé ìwà ọ̀lẹ ni ó fà á. Ní 1879 ni Michael Davitt, tí wọ́n ti lé àwọn òbí rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ nígbà tí ó wà lọ́mọdé, bá wọn dá Land League sílẹ̀ ní Mayo. Bí ó bá bá Àgbẹ́kọ̀yà pàdé, wọn ì bá gbọ́ ara wọn yé láìsí ògbufọ̀.

A kò ní kí ẹ gba géèmù lọ́wọ́ ọmọ. Ẹni tí ó bá lè rí ilẹ̀ kékeré tí ìjọba ìbílẹ̀ Fingal ń fi háyà fún ará ìlú láti gbin ẹ̀fọ́, kí ó gbà á. Ìgbín ilẹ̀ yìí yóò kọ́ ọmọ ní ohun tí ẹnu wa kò lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà kò kan ti àpótí, torí pé jíjẹ ni a ó jẹ ẹ̀fọ́ náà. Fún èyí, ẹ pe ilé. Bí Bàbá Àgbà bá gbé fóònù, ẹ má kàn jẹ́ kí ọmọ kí wọn kí ó sì sá padà sídìí géèmù. Ẹ jẹ́ kí ó sọ fún wọn iye tí òun ta turnip òun, wọn yóò rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kí ó wá béèrè pé: “Bàbá, nígbà tí ẹ kó kòkó yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rà á, ta ni ó sọ iye tí yóò san?”