Ìgbín Òkun Nínú Igbá Ìyá Àgbà

Lẹ́yìn ìsìnkú Ìyá Àgbà ní Ìkọ̀lé, nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́, a rí igbá kan tó ní ìdérí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Owó ẹyọ ló kún inú rẹ̀. Àbúrò wa ya fọ́tò rẹ̀, ó fi í sórí WhatsApp ẹbí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìjà ti dé. Ẹnì kan ní ká tà á fún àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ l'Ékòó. Ẹnì kan láti Ìdó ní ohun òrìṣà ni, ká sun ún níná. Ẹnì kẹta ní ká pín in, kí oníkálukú fi tirẹ̀ ṣe ìrántí. Àwa ní tiwa ti ṣí kákúlétọ̀ orí fóònù: a fẹ́ mọ iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ ní náírà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Ọ̀yẹ́ torí pé Ọ̀yẹ́ ni wọ́n lọ́kọ sí, ló pa wá lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní, “Irú nǹkan yìí ni wọ́n kà sílẹ̀ kí wọ́n tó mú ìyá tó bí ìyá mi wá sí Ìkọ̀lé.” Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò tíì parí nígbà náà. Ọmọdé ni ìyá náà.

Láti kékeré la ti mọ owó ẹyọ: lára ère, lọ́rùn ọmọ, nínú fíìmù. Ohun tí a ò rò rí ni pé ó ti wà láàyè rí. Ìgbín ni. Kì í ṣe ìgbín oko, kì í ṣe ìṣáwùrú inú odò. Ìgbín òkun ni. Inú omi tí kò jìn, láàárín òkúta, ló ń gbé, tó ń jẹ àwọn ewé wẹ́wẹ́ inú omi. Tó bá wà láàyè, ẹran ara rẹ̀ máa ń yọ jáde láti inú ihò ẹlẹ́yín tó wà nísàlẹ̀, á sì bo ìkarahun náà lẹ́yìn bí aṣọ. Ìdí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń dán nìyẹn, láìsí ẹni tó nù ún. Abo irú wọn a máa jókòó lé ẹyin rẹ̀ títí ẹyin náà á fi di ọmọ.

Kò sí òkun ní Èkìtì. Wọ́n ń bọ Yemọja ní Ayédé lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti Ayédé dé etí òkun, ìrìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni láyé ẹsẹ̀. Òkun tí ẹyọ ti wá pàápàá kì í ṣe ti Èkó. Erékùṣù Maldives, nínú òkun Íńdíà, ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ Mòrókò, gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí 1344, ó sì kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á ṣà á nínú òkun, wọ́n á kó o sínú kòtò létí omi títí ẹran rẹ̀ á fi jẹrà, tí á fi ku egungun funfun. Nígbà tó dé ilẹ̀ Málì lẹ́yìn náà, ó rí i pé òun kan náà ni wọ́n fi ń ná ọjà. Àwọn oníṣòwò Yúróòpù náà wá kó o sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí etíkun wa, wọ́n sì fi ra ènìyàn. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ará Hamburg tún ń kó irú tó tóbi jù wá láti Zanzibar, débi pé ẹyọ kún ilẹ̀, agbára rẹ̀ sì dínkù.

Ẹ rò ó wò ná. Òórùn ìjẹrà yẹn, etíkun tó jìnnà réré ló kù sí. Nígbà tí ẹyọ fi máa dé Ìkọ̀lé, ó ti mọ́, ó ti funfun. Ogójì ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni orí kan, orí mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, ẹrù tó tó ènìyàn kan í rù. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kà á nílẹ̀.

Èrò wa àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀bi ò sí lára ẹyọ. Ìgbín kò mọ̀ pé owó lòun. Ohun tó sọ ọ́ di owó ni pé o gbà á lọ́wọ́ mi torí o mọ̀ pé ẹlòmíràn máa gbà á lọ́wọ́ rẹ. Iṣẹ́ kóòdù ni iṣẹ́ wa, a sì mọ èyí dáadáa: owó tó wà nínú áàpù báńkì yín, nọ́ńbà ni nínú dátábéèsì. Àdéhùn ni gbogbo rẹ̀. A sọ èyí fún Ìyá Ọ̀yẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ẹyọ ò ra ènìyàn o. Ènìyàn ló ra ènìyàn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ ká sùn. Nígbà tó yá la rí i pé àdéhùn méjì ló wà níbẹ̀ tí à ń pè ní ọ̀kan. Èkíní ni pé: nǹkan yìí la ó máa fi kà. Èkejì ni pé: nǹkan yìí ṣeé kà lówó. Èkíní ò burú. Òun ló jẹ́ kí oníṣu rí iyọ̀ rà láì kọ́kọ́ wá oníyọ̀ tó fẹ́ jẹ iṣu. Èkejì ni ewu. Ẹnì kan lè sọ pé bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn, gbogbo ènìyàn ló gbà á bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn kọ́? Ọmọ tí wọ́n ń rà wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Ká má tíì dá wọn lẹ́jọ́ tán ṣá. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ kan tó ń yáni lówó lórí fóònù gbé iṣẹ́ fún wa. Áàpù náà á kó gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ẹni tó yáwó. Bí ọjọ́ bá pé tí kò san, á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀, pé olè ni. A mọ ohun tí à ń kọ. Láyé àtijọ́, onígbèsè á fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, ọmọ náà á máa sin olówó títí gbèsè á fi tán. Àwa fi orúkọ ènìyàn ṣe ìwọ̀fà. Kóòdù náà mọ́ tónítóní bí ẹyọ. Owó wa sì wọlé. A ti kúrò níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ ò bá wa kúrò.

Ní 1904, ìjọba amúnisìn fòfin de kíkó ẹyọ wọlé, ṣílè sì gba ipò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ohun tí àwọn kan fi pamọ́ fún ọjọ́ ogbó di ohun ìṣeré ọmọdé. Àdéhùn yẹn kú. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n fi rà kò tìtorí ẹ̀ padà sílé. Ó dàgbà ní Ìkọ̀lé, ó bímọ, ọmọ rẹ̀ bímọ, àwa nìyí.

A ò ta ẹyọ náà, a ò sì sun ún. Ìyá Ọ̀yẹ́ gbé igbá náà lọ. Kí wọ́n tó wọ mọ́tò, a bi wọ́n pé, “Mà, ẹyọ mélòó ni wọ́n san lórí ìyá náà gan-an?”

“Ìyá mi sọ fún mi. Èmi ò ní sọ fún yín.”

“Kí ló dé, mà?”

“Ẹ ó wá iye tó jẹ́ lóde òní.”

Fóònù wà lọ́wọ́ wa. A ti ṣí kákúlétọ̀.