Ṣé Dandan Ni Ká Lọ Kí Ẹbí?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan ká tó bẹ̀rẹ̀: ta ni ẹ̀ ń sá fún nínú ẹbí yín? Ẹ má purọ́ o. Kálukú wa ló ní ẹnì kan tó jẹ́ pé tá a bá rí orúkọ rẹ̀ lórí fóònù, ńṣe la máa dojú fóònù dé'lẹ̀. Tèmi ni àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré. Nígbà tí bàbá mi kú, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí bàbá mi fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní àwọn á máa bá wa tọ́jú ẹ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, wọ́n ti tà á. Kọ́bọ̀ kan ò kan ìyá mi lọ́wọ́. Látìgbà náà, ọdún 8 gbáko ni mi ò fi dé Ìlọrin.

Ìpè kan ló gbé mi dìde, nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá àgbà ni, ìyá tó bí bàbá mi, tí wọ́n ń gbé ní Ìpàtà. Wọn ò sunkún, wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ojú mi ti ń ṣú o. Tètè wá, kó tó di pé ohùn nìkan ni màá fi máa dá ẹ mọ̀."

Èmi àti àbúrò mi wọ mọ́tò ní Ọjọ́ọ̀ta ní ìdájí. Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, nǹkan bí 300 kìlómítà. Àbúrò mi ń sùn, èmi ń bá ara mi jà. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí: tí mi ò bá fẹ́ràn ẹni tí mo fẹ́ lọ kí, ṣé ìkíni yẹn kì í ṣe irọ́? Àwa ọ̀dọ́ ìsinsìnyí, ohun tá a gbà ni pé ohun tí kò bá ti ọkàn wá, ká má ṣe é. Àwọn àgbà ní tiwọn á ní, "Ẹbí ni ẹbí ń jẹ́," ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú méjèèjì.

Ọ̀sán la wọ Ìpàtà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọjà náà mọ bó ṣe máa ń rí tí Iléyá bá ti sún mọ́lé: ẹran ń ké, ata ń ta sánmú, alábàárù ń pariwo, "Ẹ yàgò lọ́nà!" Agbo ilé wa ò jìnnà síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, Ìyá àgbà fọwọ́ pa mí lójú títí, wọ́n ní mo ti rù. Ìgbà yẹn ni mo rí aṣọ ìbora tó wà lórí ẹsẹ̀ wọn.

Aṣọ alábùlẹ̀ ni. Kì í ṣe pé ó ya tí wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ o; àbùlẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀. Àǹkárá ọjọ́ ìkómọ àbúrò mi wà níbẹ̀. Gèlè òfì ọjọ́ ìgbéyàwó Ìyá àgbà wà níbẹ̀. Bùbá bàbá mi tí epo mọ́tò ta sí lápá, tí wọ́n fọ̀ ọ́ títí tí kò kúrò, òun náà wà níbẹ̀. Ní ìdí ẹsẹ̀, ní kọ̀rọ̀ kan, mo rí lésì funfun kan tí mo mọ̀ dáadáa. Agbádá Bàbá Kékeré ni, èyí tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ fídáù bàbá mi.

Inú mi ru. Mo ní, "Ìyá àgbà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi tiwọn sí i, lẹ́yìn gbogbo ohun tí wọ́n ṣe?"

Wọ́n ní, "Òtútù kì í bi mí léèrè ẹni tó jẹ ọmọ mi lówó." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìdí ẹsẹ̀ ni mo fi í sí. Ti bàbá ẹ ló wà láyà mi."

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ náà. Ìlọrin jẹ́ ìlú aláṣọ òkè, ẹni tó bá sì ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì rí mọ̀ pé kì í hun odindi agbádá lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ló ń jáde níbẹ̀, tí ìbú rẹ̀ ò ju nǹkan bí íǹṣì 4 lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á gé e, tí wọ́n á rán an mọ́ra wọn létí létí. Etí nìkan ló kan ara wọn. Ọ̀kan ò di èkejì. Ìlú náà fúnra ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀: Balógun mẹ́rin ló ní, ti Gàmbàrí, ti Fúlàní, ti Àjíkòbí àti ti Alánàmú, kálukú pẹ̀lú orírun tiẹ̀, lábẹ́ Ẹ́míà kan.

Ẹ wá fi wé aṣọ ẹbí tá a mọ̀ lónìí. Gbogbo wa á ra aṣọ kan náà, a ó ya fọ́tò, a ó gbé e sórí Instagram. Ẹni tí kò rówó rà á, ẹ̀yìn ló máa jókòó sí. Mi ò sọ pé aṣọ ẹbí ò dáa o, èmi náà ń rà á. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wa. Aṣọ Ìyá àgbà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń sọ, tòun ti àbààwọ́n epo.

Kì í ṣe ìyá tèmi nìkan ló mọ irú iṣẹ́ yìí. Ní Gee's Bend, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ti ń fi àjákù aṣọ rán aṣọ ìbora láti ìran dé ìran. Lọ́dún 1942, ọ̀kan nínú wọn, Missouri Pettway, kó aṣọ tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú fi ń ṣiṣẹ́ oko, ó gé e, ó fi rán aṣọ ìbora. Lọ́dún 2002, wọ́n pàtẹ irú àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀ sí ilé ọnà ńlá ní Houston àti New York. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń rán wọn, òtútù ni wọ́n fi ń lé.

Ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀ wàyí. Lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn ìrun, Bàbá Kékeré wọlé. Mo kúnlẹ̀. "Bàbá Kékeré, ẹ kú ọdún." Wọ́n ní, "Áà, ṣé ìwọ nìyí? O mà ti dàgbà o." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Owó mọ́tò bàbá wa ò tíì dé ọwọ́ ìyá wa o."

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Àbúrò mi fẹsẹ̀ gbá mi. Bàbá Kékeré wo ilẹ̀, ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Ó tán. Wọn ò san án, wọn ò sì sẹ́. Àmọ́ fún ọdún 8, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn rí. Yorùbá ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Gbogbo ìgbà tí mi ò fi lọ, èmi rò pé mo ń fìyà jẹ wọ́n ni. Àṣé ìsinmi ni mo fún wọn.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Àbẹ̀wò kì í ṣe ìdáríjì, kì í sì í ṣe ẹ̀rí ìfẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ irọ́. Ó kàn ń mú etí kan etí ni, kí ọ̀rọ̀ lè rí ibi gbà. Àwọn àlùfáà Ìlọrin máa ń wàásù pé ẹni tó so okùn ìbí pọ̀ gan-an kọ́ ni ẹni tó ń san àbẹ̀wò padà; ẹni tó lọ so ó nígbà tó já ni. Mo gbà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ so okùn gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ibi tó ti já. Ẹni tí ará ilé ẹ̀ ń lù, tàbí tí wọ́n fọwọ́ kàn lọ́nà àìtọ́, mi ò ní kó lọ jókòó ti ẹni náà nítorí ọdún. Ẹ̀mí lásìkí. Ẹbí tó ń dáàbò bo òṣìkà ló yẹ kójú tì.

Nígbà tá a fẹ́ máa lọ, Ìyá àgbà ní kí n bá àwọn gba ègé ìró kan wá lọ́wọ́ ìyá mi, pé tiwọn nìkan ni kò tíì sí nínú aṣọ náà. Mo dé Èkó, mo jíṣẹ́. Ìyá mi ṣí àpótí, wọ́n mú ìró kan jáde, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní, "Kì í ṣe báyìí."

Mi ò bẹ̀ wọ́n. Èmi lè lọ kí ẹni tó wù mí, ṣùgbọ́n mi ò lè bá ìyá mi dárí ji ẹnikẹ́ni. A kì í gé aṣọ ẹlòmíì fi ṣe àbùlẹ̀.

Mo pe Ìpàtà, mo ṣàlàyé fún Ìyá àgbà. Wọ́n ní, "Kò burú. Ẹ̀gbẹ́ bùbá bàbá ẹ ni mo fi àyè wọn sí. Mi ò ní lẹ nǹkan míì síbẹ̀."