Ta Ló Jẹ Gbèsè Ọwọ́ Tí Ẹ̀rọ Gé?

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Ká ní gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà ní Pira, tí ẹ̀rọ ayùn gé mẹ́ta nínú ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ọgbẹ́ jinná. Gbogbo wa lọ kí i pé "Ẹ pẹ̀lẹ́", a sì fún un ní ìwọ̀nba owó tí a ní. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó padà síbi iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní: "Kín ni kí n fi ọ́ ṣe?" Ṣé àánú ni ọ̀gá yìí kò ní, àbí gbèsè ni kò fẹ́ san?

Lójú tèmi, gbèsè ni. Ẹni tó bá wù ú ló ń ṣàánú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá iṣẹ́ rẹ lọ kò tọrọ báárà nígbà tó ní kí o wá iṣẹ́ mìíràn fún òun. Ní ọdún 1884, Jámánì ti ṣe òfin pé àwọn ọ̀gá ni yóò máa dá owó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, òfin 98-019 ti ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2003 wí bákan náà: ọ̀gá nìkan ló ń dá owó jàǹbá iṣẹ́ fún CNSS, kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Inú rẹ̀ ni owó ìwòsàn ti ń jáde, àti ti ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá.

Ọ̀gá lè sọ pé: "Ibi iṣẹ́ mi kéré. Bí ẹnì kan bá ń fà sẹ́yìn, ebi á pa gbogbo wa." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ ṣé ìdí ayùn nìkan ni iṣẹ́ wà? Ẹni tí ìka rẹ̀ gé ṣì mọ igi tó le yàtọ̀ sí èyí tí ikán yóò jẹ. Ó lè wọn pákó, ó lè kọ́ àwọn ọmọṣẹ́, ó lè bá oníbàárà dúnàá dúrà. Bó bá mọ̀wé, òun ni kó máa kọ owó àti gbèsè sílẹ̀. Ẹ wo ọjà òwú wa: ẹni tó ń gbé òwú sórí òṣùwọ̀n nílò ọwọ́ méjì, ẹni tó ń kọ kílò sínú ìwé nílò ẹyọ kan.

Àwọn kan ń fi òwe lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ: ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Wọ́n ṣì í lò. Òwe náà kò sọ pé ẹlẹ́rù ló gbọ́dọ̀ ni ọwọ́ kejì. Ta ni nínú wa tó ń ru agbọ̀n iṣu lọ sí ọjà láìjẹ́ pé ẹnì kan bá a gbé e rù?

Ohun kan wà tí n kò fẹ́: kí a gbé àga fún un sẹ́nu ọ̀nà, kó máa jókòó lásán, kí a ní a ṣe é lóore. Bi í léèrè ohun tó lè ṣe.

Èyí tó le jù ni ti ọmọṣẹ́ àti mọlémọlé tó ń gba owó ojúmọ́, tí ọ̀gá kò kọ orúkọ wọn sí CNSS. Ìpàdé ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ni kí a ti sọ tiwọn, kí ẹ̀jẹ̀ tó dà: iye tí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan yóò máa dá lóṣù, ẹni tí yóò tọ́jú ìwé owó náà, àti iṣẹ́ tí a ó fún ẹni tó bá fara pa.