Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó San Owó Ìpẹtà?

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àlòkù ni a fẹ́ bá yín sọ nínú oṣù yìí. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé kí ni ó kan olùkọ́ ilé kéwú pẹ̀lú ọkọ̀ tí ó ti dípẹtà. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí. Ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí ó kan oníṣòwò, tí ó kan oníṣẹ́ ọwọ́, tí ó sì kan ẹnikẹ́ni tí owó ẹgbẹ́ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀: bí ẹnì kan bá rẹ́ wa jẹ, ṣé ó tọ́ kí á ta ìrẹ́jẹ náà fún ẹlòmíràn kí owó wa lè padà wọlé?

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 2019, àwa tí a ń darí ilé kéwú kan ní Ìbàdàn pinnu láti ra bọ́ọ̀sì tí yóò máa kó àwọn ọmọ kéwú lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́. Owó náà kì í ṣe owó ẹnì kan. Àwọn òbí dá níbẹ̀, àwọn ìyá wa tí ń tajà dá níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ náà mú ìwọ̀nba tí agbára wọn ká wá. Nígbà tí ó pé ₦900,000, a lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àlòkù, a sì rí bọ́ọ̀sì tòkúnbọ̀ kan tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán bí dígí. Ẹni tí ń tà á búra pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní àléébù. A yí i ká, a ṣí ilẹ̀kùn, a pa á dé, a dáná sí ọkọ̀. Òótọ́ ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n a kò mú mẹkáníìkì dání, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó wo abẹ́ ọkọ̀. Ìwàásù Ràmàdáánì ti sún mọ́lé, a sì fẹ́ kí orúkọ ẹgbẹ́ wa ti wà lára bọ́ọ̀sì kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn, a ó sì padà sórí rẹ̀.

Ìwé akápò wa náà ni ó lè sọ ìyókù. Kò pé oṣù méjì tí ilẹ̀ ọkọ̀ fi lu lábẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ń gbé ẹsẹ̀ lé. Wẹ́dà fi irin tuntun jó o, a san ₦65,000. Lẹ́yìn èyí, ìtẹ̀lẹ̀ ilẹ̀kùn já, páńẹ́bítà gba ₦72,000. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, awakọ̀ wa ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan, ọmọ méjìlá sì wà nínú ọkọ̀. Ó tẹ bíréèkì, bíréèkì wọlẹ̀ lọ. Ìpẹtà ti jẹ páìpù tí omi bíréèkì ń gbà kọjá, ó sì ti bẹ́. Ó fi jíà kékeré dín eré ọkọ̀ kù, ó sì rọra fi táyà gún bèbè ọ̀nà títí ọkọ̀ fi dúró. Kò sí ọmọ tí ó farapa, àlùhámúdù lílàhì. Páìpù náà gba ₦38,000.

Ìgbà yìí ni mẹkáníìkì tó wọ abẹ́ ọkọ̀ dáadáa. Ó fi ṣùkùdìráfà gún sáàsì, ó wọlé bí ẹni gún àkàrà. Pọ́tì àti ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi bo ibẹ̀. A tún san ₦110,000 kí wọ́n lè jó sáàsì náà. Kò pé oṣù mẹ́ta, ó là ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó gan-an, nítorí pé irin tí wọ́n so tuntun mọ́ ti fẹ́lẹ́ jù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦285,000, bọ́ọ̀sì kò sì ṣeé gbé ọmọ ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀.

Kí ni ìpẹtà?

Ìpẹtà, tí àwọn kan ń pè ní ìdógùn-ún, kì í ṣe ìdọ̀tí tí a lè nù kúrò. Nígbà tí irin, omi àti afẹ́fẹ́ bá pàdé, irin náà fúnra rẹ̀ ni ó ń yí padà di erùpẹ̀ pupa. Èyí tí ó bá ti jẹ kò ní padà di irin mọ́. Iyọ̀ a máa mú un yára. Ní ìlú àwọn òyìnbó tí yìnyín ti ń bọ́, wọ́n máa ń da iyọ̀ sí títì ní ìgbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yìí a sì máa ta sí abẹ́ ọkọ̀ lọ́dọọdún. Láti ìgbà tí ìjọba ológun ti gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ yìí, tòkúnbọ̀ sì ni púpọ̀ nínú wa ń gùn. Ọkọ̀ tí iyọ̀ ti jẹ lábẹ́ níbẹ̀, òjò tiwa ni yóò parí iṣẹ́ náà.

Ẹ fiyè sí i pé kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀ kankan nínú ohun tí a sọ yìí. Ẹni tí ó da iyọ̀ sí títì kò ṣẹ̀. Òjò kò ṣẹ̀. Ọkọ̀ tí ó gbó kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n owó wà lórí ìpẹtà, ẹnì kan ni yóò sì san án. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ti lè wọlé.

Ìmọ̀ràn tí ó pín wa sí méjì

Mẹkáníìkì ní kí á mú ₦300,000 wá kí wọ́n gé sáàsì náà, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí pé yóò pẹ́. Ẹnì kan tí ń kun ọkọ̀ wá mú ìmọ̀ràn mìíràn wá: kí á san ₦95,000, yóò fi pọ́tì dí gbogbo ihò, yóò kun ún ní ọ̀dà tuntun, yóò sì mú ẹni tí yóò rà á ní ₦1,000,000 wá. Nígbà tí a jókòó ìpàdé, àwọn tí ó fara mọ́ ìmọ̀ràn yìí kò kéré, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n sọ.

Èkínní, bí wọ́n ṣe tà á fún wa náà nìyẹn. A ti padà lọ bá ẹni tí ó tà á, ó sì ní, "Bí ẹ ṣe rí i ni ẹ rà á." Èkejì, owó yìí kì í ṣe tiwa, àmánà ni. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí àmánà ṣòfò yóò dáhùn níwájú Ọlọ́hun. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó fẹ́ rà á ní ojú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìdáhùn

Ìtàn kan tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abū Hurayrah ni a fi bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn wa. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá níbi tí ọkùnrin kan kó oúnjẹ jọ tí ó ń tà á. Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ìka rẹ̀ sì kan omi. Ó bi ọkùnrin náà pé kí ni èyí, ọkùnrin náà sì dáhùn pé òjò ni ó pa á. Ànábì wá bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá ń tan ènìyàn jẹ kò sí lára òun.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Ànábì kò bá a wí pé òjò pa ọjà rẹ̀. Kò ní kí ó má tà á. Ohun tí ó bá a wí lé lórí ni pé ó gbé èyí tí ó tutù sí ìsàlẹ̀, ó gbé èyí tí ó gbẹ sókè. Pọ́tì àti ọ̀dà tuntun lórí sáàsì tí ó ti jẹ, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí oúnjẹ gbígbẹ lórí èyí tí ó tutù?

Ní ti ẹ̀rí kìíní, pé wọ́n ti rẹ́ wa jẹ: Ànábì kọ́ wa pé kí á dá àmánà padà fún ẹni tí ó fi ọkàn tán wa, kí á má sì dalẹ̀ ẹni tí ó dalẹ̀ wa pàápàá. Bí a kò bá gbọ́dọ̀ ṣe é sí ẹni tí ó rẹ́ wa jẹ, báwo ni a ó ṣe ṣe é sí ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ wá rí? Gbèsè tí ẹni tí ó ta ọkọ̀ fún wa jẹ wá, ọrùn rẹ̀ ni ó wà. Òfin Ìsìláàmù fún ẹni tí ó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà bí ó bá rí àléébù tí wọ́n fi pa mọ́ fún un. Ní mázúhábù Máálíkì tí a ń kọ́ ní ilé kéwú wa, "bí o ṣe rí i ni o rà á" kò lè wẹ àléébù tí olùtajà mọ̀ tí ó sì gbé pamọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn wá nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún wa, ṣé àwa ni yóò wá sọ ọ́ fún ẹlòmíràn?

Ní ti ẹ̀rí kejì, àmánà: èyí ni ó wúwo jù, òun ni kò jẹ́ kí àwọn kan nínú wa sùn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn fi sí wa lọ́wọ́ ju owó lọ. Wọ́n fi orúkọ ẹ̀sìn sí wa lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ọlọ́hun jẹ́ Ẹni mímọ́, kì í sì í gba ohunkóhun àfi èyí tí ó mọ́. Ẹni tí ń ṣọ́ àmánà kò lè fi hàráàmù ṣọ́ ọ. Bí a bá pàdánù owó nítorí àìmọ̀, kí á jẹ́wọ́ fún àwọn olówó, kí á tọrọ àforíjì. Bí a bá fi ẹ̀tàn dá a padà, a ti sọ gbogbo wọn di alájọpín nínú ohun tí wọn kò mọ̀ sí.

Ní ti ẹ̀kẹta, lóòótọ́ ni ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n kí ni pọ́tì wà fún bí kì í bá ṣe láti fọ́ ojú ẹni tí ń wò?

Síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń ta èlùbọ́ ni ó parí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ti dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Owó tèmi náà wà níbẹ̀. Ẹ kàn sọ fún mi, ọmọ ta ni yóò wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tiwa?" A wí pé, "Màmá, a kò mọ̀." Wọ́n ní, "Ẹ má tà á bẹ́ẹ̀."

Ohun tí a ṣe

Ẹni kìíní tí ó wá, a mú un wọ abẹ́ ọkọ̀, a fi sáàsì hàn án. Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnì kejì. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Níkẹyìn, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ta àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀ ní Agodi Gate rà á ní ₦420,000, nítorí ẹ́ńjìnnì, ìlẹ̀kùn, ìjókòó àti táyà rẹ̀ ṣì dára. A bá a ṣàdéhùn pé yóò tú u ni, a sì dúró títí wọ́n fi gé sáàsì náà.

Ẹ bá wa ṣírò. Bí a bá ṣe ti ọlọ́dà, ₦905,000 ni ì bá wọlé lẹ́yìn tí a bá ti san owó iṣẹ́ rẹ̀. ₦420,000 ni ó wọlé. Òtítọ́ ná wa ní ₦485,000. A kò ní purọ́ fún yín pé ẹnì kan fi bọ́ọ̀sì tuntun ta wá lọ́rẹ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa fi ń lọ sílé títí di òní, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ sì ń bínú sí wa. Ànábì sọ fún wa pé bí olùtà àti olùrà bá sọ òtítọ́, tí wọ́n sì ṣàlàyé àléébù ọjà, Ọlọ́hun yóò fi àlùbáríkà sí i. Bí wọ́n bá purọ́ tí wọ́n sì fi pamọ́, àlùbáríkà rẹ̀ yóò parẹ́. Kò sọ pé àlùbáríkà yẹn yóò jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú èrè tí a fi sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ fún wa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọkọ̀: ẹ sọ àléébù kí ẹ tó sọ iye. Ọkọ̀ àlòkù kì í ṣe hàráàmù.

Ẹ̀yin wẹ́dà, páńẹ́bítà àti ẹ̀yin tí ẹ ń kun ọkọ̀: pọ́tì wà fún ibi tí ara ọkọ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀, kò sí fún ibi tí ó ń gbé ẹ̀mí ènìyàn ró. Bí irin kò bá lè gba jíjó mọ́, ẹ sọ ọ́, kódà bí owó iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà: ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tàn yín bí ó ti tàn wá. Ẹ mú mẹkáníìkì tí ẹ fọkàn tán dání. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo abẹ́. Ẹ mú òòfà kékeré lọ́wọ́, nítorí òòfà kì í lẹ̀ mọ́ ibi tí pọ́tì bá nípọn. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ẹ sì wá ẹlẹ́rìí, gẹ́gẹ́ bí Àlùkùránì ti kọ́ wa ní Súrà Al-Baqarah, áyà 282. Àwa kò ṣe é, ìdí nìyẹn tí a kò fi rí nǹkan kan mú lọ́wọ́ nígbà tí a padà lọ bá ẹni tí ó tà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàkóso owó ẹgbẹ́: ẹ má kánjú nítorí ayẹyẹ. Nígbà tí ẹ bá sì rí i pé ìpẹtà ti wọ sáàsì, ẹ má tún fi owó lé owó nítorí èyí tí ẹ ti ná. Èyí tí ó ti lọ ti lọ.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ òkìtì kálukú wa. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí wọ́n bá ohun tí a gbé pamọ́ níbẹ̀. Kí Ó fi háláàlì tó wa, kí Ó sì ṣọ́ àwọn ọmọ wa lójú pópó. Àmín.